Káàdì Tí A Fi Tàdáwà Aláró Kùn

Bí ẹ bá ti gba ẹ̀gbẹ́ yàrá ìyàwòrán kọjá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ ó ti rí àwa mẹ́rin tí a forí korí lórí tábìlì, tí àwọ̀ sì bo ọwọ́ wa bí ọwọ́ aláró. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti bi wá léèrè ohun tí a ń ṣe níbẹ̀. Àwọn mìíràn sì ti fi wá ṣẹ̀fẹ̀. Káàdì ni a ń ṣe: káàdì Kérésìmesì, káàdì ọjọ́ ìbí, àti èyí tí a ń fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Nítorí ọ̀kan nínú irú èyí tí a dárúkọ kẹ́yìn yìí ni a ṣe mú gègé láti kọ̀wé sí yín.

Oríṣi tàdáwà méjì ni ó wà fún irú iṣẹ́ yìí. Nínú èkíní, ìyẹ̀fun àwọ̀ ni a lọ̀ kúnná tí a sì pò mọ́ omi. Ìyẹ̀fun náà kì í yọ́, orí tákàdá ni ó ń jókòó sí bí eruku ti í jókòó sórí àga. Nínú èkejì, àwọ̀ náà yọ́ pátápátá bí iyọ̀ ti í yọ́ sínú ọbẹ̀, ibi tí omi bá sì lọ ni òun náà ń lọ. Èyí èkejì ni àwa ń pè ní tàdáwà aláró, òun ni ó sì wà nínú púpọ̀ nínú àwọn tìmùtìmù kékeré tí a fi ń tẹ òǹtẹ̀. Ẹni tí kò bá ní owó ọ̀dà omi lè fi í ya àwòrán bí ẹni pé ọ̀dà omi ni ó ní. A ó tẹ tìmùtìmù náà mọ́ àwo tánganran tí ń dán, a ó kán omi díẹ̀ sí i, a ó fi búrọ́ṣì rò ó pọ̀. Bí omi bá pọ̀, àwọ̀ náà yóò fúyẹ́ bí ojú ọ̀run ní kùtùkùtù. Bí omi bá kéré, yóò ki bí ojú ọ̀run nígbà tí òjò bá ṣú.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó dùn mọ́ wa jù lọ ni kí a kọ́kọ́ fi omi lásán rin tákàdá, kí a tó fi orí búrọ́ṣì kan tàdáwà sí i. Kíá ni àwọ̀ náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Yóò nawọ́ síhìn-ín, yóò nasẹ̀ sọ́hùn-ún, yóò pàdé àwọ̀ mìíràn lọ́nà, àwọn méjèèjì yóò sì di ẹ̀kẹta. Ẹni tí ó mú búrọ́ṣì lọ́wọ́ kò ní àṣẹ lórí wọn mọ́. Bí a bá wọ́n iyọ̀ sí i kí ó tó gbẹ, hóró iyọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò fa omi mọ́ra, yóò sì fi àmì bí ìràwọ̀ sílẹ̀. Bí a bá sì ti fi àbẹ́là funfun ya nǹkan sórí tákàdá ṣáájú, omi kì yóò mú ibẹ̀, gẹ́gẹ́ bí aró kì í ti í mú ibi tí àwọn oníṣẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ bá fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sí lára aṣọ.

Ojú ewé ìwé tí a fi ń kọ ẹ̀kọ́ ni a kọ́kọ́ lò. Ó mu omi yó, ó ká kò, àwọ̀ náà sì yọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Tákàdá tí ó yẹ ni èyí tí ó ki, tí ìwọ̀n rẹ̀ tó 300 gíráàmù fún mítà kan níbùú lóròó, tí a sì ti fi omi lẹ̀ẹ̀ tọ́jú kí ó má baà yára mu omi. Ó wọ́n owó, nítorí náà a máa ń gé ewé kan sí mẹ́jọ.

A kò gbọdọ̀ fi ti àwọn àgùntàn pamọ́ fún yín. Nígbà tí Kérésìmesì kù sí dẹ̀dẹ̀, a fín olùṣọ́ àgùntàn àti agbo rẹ̀ sára rọ́bà, a sì fi tàdáwà aláró dúdú tẹ̀ ẹ́ sórí káàdì méjìlá. Ó dára lójú wa. Ṣùgbọ́n bí a ti fi búrọ́ṣì olómi kàn án báyìí, dúdú náà tú ká, búlúù yọ níhìn-ín, elése àlùkò yọ lọ́hùn-ún, nítorí pé dúdú irú tàdáwà bẹ́ẹ̀ kì í sábà jẹ́ àwọ̀ kan ṣoṣo. Àwọ̀ púpọ̀ ni a pò pọ̀, òmíràn a sì máa bá omi sáré ju òmíràn lọ. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wa wò ó títí, ó ní òun kò tíì ka ibi tí a gbé sọ pé elése àlùkò ni àgùntàn Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń fi tàdáwà tí omi kò lè tú tẹ ìlà àwòrán, kí a tó fi ti aláró kun inú rẹ̀.

Àwọ̀ elése àlùkò náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1856, nígbà tí William Henry Perkin jẹ́ ọmọ ọdún 18 ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ń wá ọ̀nà láti ṣe kuníìnì, oògùn ibà, láti ara ohun tí a rí nínú ọ̀dà èédú. Kò rí kuníìnì. Ìdọ̀tí dúdú ni ó bá nínú ìgò rẹ̀, nígbà tí ó sì fi ọtí líle fọ̀ ọ́, àwọ̀ elése àlùkò tí ó rẹwà jáde. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti ń ṣe aró lóríṣiríṣi láìfi ewé tàbí èèpo igi ṣe é. Káàdì Kérésìmesì àkọ́kọ́ tí a tẹ̀ fún títà ṣáájú èyí: ní 1843 ni Henry Cole ní kí John Callcott Horsley ya á, ọwọ́ ni a sì fi kun àwọ̀ sí i, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe.

Wàyí o, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wa kú nígbà ìsinmi gígùn. Òun ni ó kọ́kọ́ kó wa jọ sí ìdí tábìlì yẹn. A ṣe káàdì kan fún ìyá rẹ̀, a ya odò ìlú wọn sí i ní búlúù àti elése àlùkò, a kọ orúkọ ọmọ náà sábẹ́ rẹ̀, gbogbo ọmọ kíláàsì wa sì fọwọ́ sí inú rẹ̀. Tàdáwà aláró ni a fi ṣe gbogbo rẹ̀, títí kan orúkọ. A kò tíì ṣe èyí tí ó dára tó o rí. Ìyá náà gbà á lọ́wọ́ wa, kò lè sọ̀rọ̀. Ó fi í kọ́ ara ògiri tí ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí ọdún yí po a padà lọ kí i. A dọ̀bálẹ̀, a gbójú sókè wo ògiri, odò náà ti lọ. Búlúù rẹ̀ di bí omi tí a fi ṣan ìkòkò, elése àlùkò kò sí mọ́ rárá, orúkọ ọ̀rẹ́ wa sì ti ṣá tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé àwa tí a kọ ọ́ ni a lè kà á. Ojú tì wá púpọ̀. Oòrùn òwúrọ̀ ni ó ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé bá a lójoojúmọ́. A bá mọ̀, ìbá má rí bẹ́ẹ̀: láti 1888 ni W. J. Russell àti W. de W. Abney ti fi ìwádìí wọn lórí ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń ṣe sí ọ̀dà omi lélẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì fi hàn pé púpọ̀ nínú àwọn àwọ̀ náà a máa ṣá. Àwa fẹ́ràn rírìn àwọ̀ náà, a kò sì bi ara wa léèrè bóyá yóò dúró.

Aláró ni ìyá náà. Ó rí ibi tí a ń wò, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ìgbà mélòó ni ẹ rẹ ẹ́?”

A ní, “Ẹ̀ẹ̀kan ni, Ìyá.”

“Ẹ̀ẹ̀kan! Aṣọ tí mo bá rẹ lẹ́ẹ̀kan, ta ni yóò rà á lọ́wọ́ mi?”

Ó mú wa lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ri aṣọ kan bọ inú ìkòkò aró, ó sì fà á yọ. Àwọ̀ ewé ni ó kọ́kọ́ ní. Bí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí i ni ó ń di búlúù lójú wa. Ó tún rì í bọ̀ ọ́, ó tún fẹ́ ẹ. A wá rí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín aró tirẹ̀ àti tiwa. Aró ẹ̀lú kì í yọ́ nínú omi lásán. Omi eérú àti kíkan tí ó ń kan nínú ìkòkò ni ó ń mú un yọ́ títí yóò fi wọ inú òwú. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, ó tún di ohun tí omi kò lè yọ́, ó sì há síbẹ̀. Tiwa kò há síbi kankan. Bí a tilẹ̀ kùn ún nígbà mẹ́wàá, yóò pẹ́ díẹ̀ sí i ni kí ó tó ṣá, bí ẹ̀kán omi kan bá sì ta sí i, yóò tún dìde rìn.

A bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí a mú káàdì náà lọ tún ṣe. Ó kọ̀. Ó ní, “Ẹ má mú un lọ. Mo mọ ibi tí odò náà wà.”

Nítorí náà a ṣe òmíràn. Tàdáwà dúdú ti èéfín, èyí tí oòrùn kò rí gbé ṣe, ni a fi kọ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n odò náà, tàdáwà aláró ni a tún fi yà á, lórí tákàdá tí a ti fi omi rin, nítorí pé kò sí ohun mìíràn lọ́wọ́ wa tí ó lè ṣàn bẹ́ẹ̀. A sọ fún ìyá náà pé kí ó má ṣe fi í hàn sí oòrùn. Ó dì í mọ́ àárín aṣọ nínú àpótí rẹ̀. Èyí àtijọ́ sì wà lára ògiri síbẹ̀, ní ọ̀kánkán ẹnu ọ̀nà.