Kọ̀ǹkọ̀ tí Mo Fi Ọṣẹ Pa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Ọ̀pọ̀lọ́ ń yan kàńdú-kàǹdù-kàńdú lójú ẹlẹ́gùúsí, ẹlẹ́gùúsí kò gbọdọ̀ yí i láta." Ẹ̀yin olùkọ́ mi àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, ṣùgbọ́n n kò fura pé ẹ̀kọ́ nípa ẹranko wà nínú rẹ̀. Oró wà ní awọ ara ọ̀pọ̀lọ́, pàápàá jù lọ nínú kókó méjì tí ó wà lẹ́yìn ojú rẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi ṣe é jẹ. Kọ̀ǹkọ̀ ni ó ṣe é jẹ. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ se májèlé lọ́bẹ̀. Kọ̀ǹkọ̀ kan ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín, èyí tí mo pa nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Ní Ṣágámù ni mo dàgbà sí, lọ́dọ̀ ìyá tí ó bí ìyá mi. Obì ni Ìyá Àgbà ń tà. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, omi a dá sí kòtò tí ó wà lẹ́yìn ilé wa, igbe kọ̀ǹkọ̀ kò sì ní í jẹ́ kí a sùn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin a máa fi iná tọ́ọ̀ṣì dẹ wọ́n lóru. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó mú mẹ́rin wálé. Mo bẹ̀ ẹ́ títí tí ó fi fún mi ní èyí tí ó tóbi jù. Mo fi í sínú ìkòkò amọ̀ tí omi díẹ̀ wà nínú rẹ̀, mo sì fi agbọ̀n bo ẹnu ìkòkò náà.

Oúnjẹ tí èmi fẹ́ràn ni mo kọ́kọ́ fún un. Ọjọ́ méjì kọjá, kò fọwọ́ kàn án. Mo bá tọ Ìyá Àgbà lọ.

"Ẹ̀yin Màmá, kọ̀ǹkọ̀ mi kò jẹun."

"Kí ni o fún un?"

"Ẹ̀bà àti ẹja ni, mà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Àlàbí, ohun tí kò bá mira kì í ṣe oúnjẹ lójú kọ̀ǹkọ̀. Lọ mú tata wá."

Mo mú tata wá. Kí n tó ṣẹ́jú, tata ti wọ ẹnu kọ̀ǹkọ̀. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé bí ó ti ń gbé e mì, ojú rẹ̀ méjèèjì wọlé sínú orí. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni mo dé kí n tó mọ̀ pé ojú náà ni ó fi ń ti oúnjẹ lọ sí ọ̀nà ọ̀fun. Nígbà tí ó yá, mo wá àkèrè kékeré kan fún un kí ó lè fi ṣe ọ̀rẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, n kò rí àkèrè mọ́. Ọ̀rẹ́ ti di oúnjẹ.

Ní ọjọ́ kẹwàá, omi ìkòkò náà ń rùn. Mo fẹ́ràn kọ̀ǹkọ̀ mi, n kò sì fẹ́ kí ó gbé inú ìdọ̀tí. Mo fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ ìkòkò náà, mo sì fi ìyókù ọṣẹ náà wẹ òun pàápàá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti kú. Mo sunkún bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

Ìyá Àgbà wò ó, wọ́n ní, "A kì í fi ọṣẹ kan kọ̀ǹkọ̀. Ohun tí ó bá ti kan ara rẹ̀, ó ti mu ún nìyẹn."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi, mà?"

"O kò bi mí léèrè."

Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi. Ní ọdún tí ó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹranko fi ìwé kan hàn mí. Ìwé náà sọ̀rọ̀ nípa kọ̀ǹkọ̀ oníwo ti Gúúsù Amẹ́ríkà, irú èyí tí ó wà ní Argentina, Uruguay àti Brazil. Kì í ṣe ìwo gidi ni ó ní o, awọ tí ó ṣọnṣó lókè ojú rẹ̀ ni. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó ara rẹ̀. A máa ri ara rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ dé ìdajì, a ó sì máa dúró de kòkòrò, eku tàbí àkèrè ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí yóò kọjá. Àwọn ọmọ rẹ̀ tí ó ṣì ní ìrù nínú omi a máa jẹ ọmọ àkèrè mìíràn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọmọ kọ̀ǹkọ̀ tiwa náà ṣe ń ṣe.

Àwọn òyìnbó ń sin ín nínú ilé, wọ́n sì ti kọ ìwé lórí ìtọ́jú rẹ̀. Wọ́n ní kì í fi ẹnu mu omi, awọ ara ni ó fi ń fà á. Bí a kò bá pààrọ̀ omi rẹ̀, ìtọ̀ ara rẹ̀ yóò gba awọ wọlé, yóò sì pa á. Ọṣẹ kò gbọdọ̀ kàn án. Oúnjẹ àpọ̀jù a máa sọ ọ́ di ọ̀rá, kòkòrò nìkan láìsí èròjà tí ń mú egungun le a sì máa sọ egungun rẹ̀ di rọ̀bọ̀tọ̀. Bí mo ti ń kà á, ohùn Ìyá Àgbà ni mo ń gbọ́. Wọn kò ka ìwé kankan rí, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ti awọ yẹn.

Ìyá Àgbà ti lọ sí ilé ìgbàgbé ní 2019. Nínú kíláàsì wa, mo fi àwòrán kọ̀ǹkọ̀ han ènìyàn méje tí ń kọ́ Yorùbá bí èmi. Márùn-ún pè é ní ọ̀pọ̀lọ́. Bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹkọ̀ kò tíì kúrò lọ́jà: ní 2010, Mohneke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn àkèrè gbígbẹ àti díndín tí wọ́n ń tà ní ọjà Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà lára ibẹ̀. A ń jẹ ẹ́, a kò sì mọ orúkọ rẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá lọ sílé ní ìsinmi, yálà ní Ìkẹ́nnẹ́ ni o tàbí níbòmíràn, ẹ mú ìwé àti gègé dání. Orúkọ ẹranko tí àwọn àgbà mọ̀, ohun tí ó ń jẹ àti ohun tí ń pa á, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Wọn kò fi í pamọ́ fún wa. À ń retí kí wọ́n sọ ọ́ fúnra wọn, àwọn náà sì ń retí kí a bi wọ́n léèrè.