Níwájú Ọkọ̀ Dúdú ní Oníkàn

Ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi, lọ́jọ́ tí họ́lídè parí, mo purọ́ fún ọmọ mi ní gbangba, níwájú ẹ̀rí. Ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀ kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi méjì ló wá láti Ìbàdàn, wọ́n wá lo họ́lídè gígùn lọ́dọ̀ wa ní Ìdí-Àràbà. Èyí ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 12, èyí obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún 9, tèmi sì jẹ́ ọmọ ọdún 6. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n lò, ṣùgbọ́n kí ni wọ́n rí? Tẹlifíṣọ̀n, ariwo jẹnẹrétọ̀, géètì ilé ìwòsàn LUTH bí a bá ń kọjá lọ ra búrẹ́dì, ọjà Muṣin lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá ku ọ̀la kí wọ́n padà sílé, ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ mí lọ́kàn. Ẹ̀gbọ́n mi á bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí ní Èkó, wọ́n á sì ní àwọn rí búrẹ́dì.

Nǹkan mìíràn tún wà tó ń yọ mí lẹ́nu. Láti ọjọ́ kejì tí wọ́n dé ni èyí ọkùnrin ti ń bi mí pé, “Mọ́mì Èkó, igi àràbà náà dà?” Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń gbé àdúgbò yìí, n kò béèrè rí. Mo ní wọ́n ti gé e nígbà tí ilé pọ̀. Ó ní ta ló gé e? Mo ní kó lọ wẹ̀. A máa ń pa á lówe pé àràbà ni bàbá, ẹni a bá lábà ni bàbá. Èmi tí ọmọ bá lábà rèé, tí n kò mọ nǹkan kan nípa àbà náà.

Èyí ló jẹ́ kí n kọ̀ nígbà tí àwọn ará ilé wa ní kí n kó wọn lọ sí mọ́ọ̀lì, kí n ra áísìkiriìmù fún wọn, kí n yà wọ́n ní fọ́tò. Mo sọ fún ọkọ mi, dádì wọn, pé Èkó gan-an la máa wò. A wọ kéké dé Ojúẹlẹ́gba, a wọ dánfó tó ń pe CMS, a gba orí afárá Èkó kọjá. Àwọn ọmọ Ìbàdàn gbé imú wọn lé gíláàsì bí wọ́n ti ń wo ọ̀sà.

Freedom Park ní Broad Street la kọ́kọ́ yà sí. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni tẹ́lẹ̀. Ní 1882, amọ̀ ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi mọ odi rẹ̀, koríko ni wọ́n fi bo òrùlé. Àwọn tí inú wọn ò dùn sí ìjọba náà ń sọ iná sí i, àfìgbà tí wọ́n kó bíríkì wá láti Ìlú Ọba ní 1885. Herbert Macaulay wà lára àwọn tí wọ́n tì mọ́bẹ̀. Nígbà tí Nàìjíríà pé àádọ́ta ọdún ní 2010 ni wọ́n sọ ọ́ di ibi ìgbafẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn nígbà náà, orí ìtàgé ni báyìí. Kí a tó mọ̀, èyí obìnrin ti gun orí ìtàgé náà, ó ń jó, kò sí ìlù, kò sí orin. Mo mọ ibi tó dúró sí. Mo dákẹ́. Mo ní nínú ara mi pé ìdákẹ́ kì í ṣe irọ́, a sì kọjá síwájú.

Ìdákẹ́ ò wúlò mọ́ nígbà tí a dé Oníkàn.

Inú ọgbà Ilé Àkójọ Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà níbẹ̀ láti 1957 ni ọkọ̀ náà wà. A ti wo ère Nok, a ti wo iṣẹ́ idẹ Ìbìní, ó ti rẹ tèmi, ó ń fà mí láṣọ pé ebi ń pa òun. Bó ṣe rí ọkọ̀ ni ara rẹ̀ yá. Ọkọ̀ ni ayé rẹ̀. Mercedes dúdú, gígùn, ṣùgbọ́n ihò wà lára rẹ̀, ihò wà lára gíláàsì rẹ̀.

“Mọ́mì, kí ló dá ihò sí i lára?”

N kò ronú rárá. “Ìpẹtà ni. Ọkọ̀ tó bá ti pẹ́ máa ń dípẹtà.”

Ó mi orí. Ó gbà mí gbọ́, ìyẹn ló wá dùn mí jù lẹ́yìn náà. Kò tíì mi orí tán tí mo gbọ́ ohùn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn mi. Gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ sára nǹkan ló máa ń kà, títí kan ẹ̀yìn páálí mílíìkì. Ó ní, “Mọ́mì Èkó, wọ́n kọ ọ́ síbí o. Ìbọn ni.”

Tèmi wojú mi. Ilẹ̀ ò lanu.

Dádì wọn ló gbà mí. Ó lóṣòó kí ojú rẹ̀ lè bá ojú ọmọ dọ́gba. Ó ní olórí orílẹ̀-èdè ló wà nínú ọkọ̀ yìí, Ọ̀gágun Murtala Muhammed. Ó ní òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, 13 oṣù Kejì 1976 ni, ó ń lọ síbi iṣẹ́. Kò sí ogunlọ́gọ̀ ọkọ̀ tó ń fọn fèrè níwájú rẹ̀. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ mú un nítòsí Sẹkitéríàtì Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìkòyí, àwọn sójà kan tó fẹ́ fipá gba ìjọba yọ sí i, wọ́n sì yìnbọn. Ó kú, awakọ̀ rẹ̀ kú, Akintunde Akinsehinwa, ọ̀dọ́ sójà tó ń tẹ̀ lé e, náà kú. Lẹ́yìn náà ló ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ ogún náírà, ó fi ojú tó wà lára rẹ̀ hàn wọ́n. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sún mọ́ ọn. Owó tí a fi ń ra pọ́fù-pọ́fù láyé ijọ́un, kò sí èyí tó ti wò ó dáadáa rí nínú wa.

“Ṣé ó dùn ún?” Tèmi ló béèrè bẹ́ẹ̀.

“Ó dùn ún.”

“Ṣé wọ́n mú wọn?”

Ó ní wọ́n mú Dimka tó ṣáájú wọn, wọ́n sì pa òun náà kí oṣù Karùn-ún ọdún náà tó parí. Èyí obìnrin rò ó fún ìgbà díẹ̀. “Sójà pa sójà, sójà tún wá pa sójà.” Kò sí ẹni tó rí nǹkan fi kún un.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà títí láti ọjọ́ yẹn. Èmi yìí náà ni mo máa ń to àwọn ọmọ sójú kan bí ẹran bá dín nínú ìkòkò, tí màá ní ẹni tó bá jẹ́wọ́ n kò ní nà án. Bí wọ́n bá kí àgbàlagbà láì kúnlẹ̀, ojú mi nìkan ti tó. Mo kà á sí pé ẹ̀kọ́ ilé pé lọ́wọ́ mi. Ìbéèrè kan péré, mo ti sá. Mo kọ́kọ́ tan ara mi pé àánú ọmọ ló ṣe mí. Irọ́ kejì nìyẹn. Ọmọ náà ò bẹ̀rù, ó kàn fẹ́ mọ̀. Èmi ni n kò fẹ́ kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ẹnu mi jáde lọ́jọ́ ìgbádùn tí mo fowó mi ṣètò.

Ìyá Ìbejì tí a jọ ń gbé kò gbà pẹ̀lú mi o. Ó ní kí ló gbé mi dé ìdí ọkọ̀ òkú, ṣé mọ́ọ̀lì ti wó ni? Ọ̀rọ̀ rẹ̀ nídìí, nítorí tèmi jí lẹ́ẹ̀mejì ní òru ọ̀sẹ̀ yẹn, ó wá sùn sáàárín wa. Mo gbà pé òótọ́ ní òṣùwọ̀n. Lálẹ́ ọjọ́ tí a ti Oníkàn dé, ọmọ ọdún 12 bi dádì wọn bóyá èèyàn dáadáa ni Murtala. Dádì wọn dúró kí àwọn tó kù sùn ná. Lẹ́yìn náà ló sọ fún un pé lásìkò ogun abẹ́lé, Murtala ni ọ̀gá Ẹ̀ka Kejì àwọn sójà, àwọn sójà ẹ̀ka yẹn ló sì pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará ìlú tí kò gbé ìbọn ní Asaba, ní oṣù Kẹwàá 1967. Ọmọ náà ní, síbẹ̀ wọ́n fi orí rẹ̀ sára owó? Dádì wọn ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì tọ́ létí ọmọ ọdún 6, a kò sì sọ ọ́ fún un. Ṣùgbọ́n a kò sọ irọ́ dípò rẹ̀. Ibi tí èmi àti Ìyá Ìbejì ti pínyà nìyẹn, a ṣì ń bára wa jẹ oúnjẹ.

Kí n padà sí ọjọ́ náà. Láti Marina a wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ Mile 2, èyí tó ti ń kó èrò láti oṣù Kẹsàn-án 2023. Ibùdókọ̀ kan péré la gùn ún dé, ó gba orí omi kọjá, àwọn ọmọ sì pariwo bí ẹni pé wọ́n wà lójú ọ̀run. A sọ̀ níbi Ilé Ìṣeré ní Ìgànmú, èyí tí wọ́n parí ní 1976 kan náà, tó rí bíi fìlà sójà. Èyí obìnrin wò ó, ó wò mí, ó ní, “Sójà tún ni?”

Ní Costain, dánfó tó ń lọ Ojúẹlẹ́gba dé. Ó ti gbó, ilẹ̀kùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́, ara irin ibi tí tèmi jókòó sí ti lu jálá-jàlà, èèyàn lè fi ojú ihò náà wo títì tó ń sáré kọjá nísàlẹ̀. Ó ki ìka bọ ọ̀kan nínú àwọn ihò náà.

“Mọ́mì, ti èyí ńkọ́?”

“Ìpẹtà ni,” mo dáhùn. Ní ti èyí, òótọ́ ni.

Ó wojú mi fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí kọ̀ńdọ́ tó rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìpẹtà ni lóòótọ́?”