Erùpẹ̀ Tí Bàbá Kọ́ Mi Láti Kà

Ọmọbìnrin kan tó ń kàwé ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà níbí ní Àkúrẹ́ ló wá bá mi nílé. Ọmọ Ìlàjẹ ni, Ayétòrò tó wà létí òkun sì ni wọ́n ti bí bàbá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi tán, ó ní: "Bàbá, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa ń walẹ̀ wá ilé àwọn ará àtijọ́. Ilé bàbá wa àgbà ti wọ inú òkun lọ. Ta ni yóò wa tiwa?"

Mo ti fẹ̀yìn tì ní tèmi, ṣùgbọ́n ìbéèrè ọmọ yìí ká mi lára, nítorí pé irú rẹ̀ ni èmi náà ti ń bi àwọn tó jù mí lọ láti ìgbà ọ̀dọ́ mi. Kò sí bí mo ṣe lè dá a lóhùn láìsọ bí àwa tó ń walẹ̀ pìtàn ní agbègbè yìí ṣe dé ibi tí a dé.

Ọ̀dọ̀ ọkùnrin ará Ìsàrun kan ni mo ti kọ́ṣẹ́. Bàbá ni gbogbo wa ń pè é, mi ò sì ní í pè é ní orúkọ mìíràn níhìn-ín. Màá sọ ìdí rẹ̀. Lọ́dún 1965 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw ti Yunifásítì Ìbàdàn àti S. G. H. Daniels kó ènìyàn wá sí Ìhò Eléérú, nínú igbó tó wà ní nǹkan bíi kìlómítà 24 sí Àkúrẹ́, Bàbá wà lára àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n gbà láti ṣán igbó àti láti ru erùpẹ̀. Àgbẹ̀ kòkó ni tẹ́lẹ̀. Owó ló bá lọ síbẹ̀, kì í ṣe ìtàn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó palẹ̀ mọ́, ó ti di ẹni tó lè fi àtàǹpàkò tẹ ilẹ̀ kó sì sọ fún ọ pé ìpele ti yí, kí ojú tìrẹ tó rí i.

Ohun tí wọ́n rí lábẹ́ àpáta yẹn kò kéré. Òkúta tí ọwọ́ ènìyàn ti ṣá, tó di abẹ àti ẹnu ọfà, tó nǹkan bí ìlàjì mílíọ̀nù. Lókè, níbi tí kò jìn, ni apáàdì wà pẹ̀lú àáké òkúta dídán, irú èyí tí àwọn ìyá wa ń pè ní ẹdùn àrá. Nísàlẹ̀ ni egungun ènìyàn kan wà. Èédú tó wà nítòsí rẹ̀ fi hàn pé ó ti tó nǹkan bí 11,000 ọdún tí wọ́n ti sin ín. Lọ́dún 2011, Katerina Harvati àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún agbárí náà yẹ̀ wò. Wọ́n ní ọjọ́ orí rẹ̀ lè wà láàárín 11,700 sí 16,300 ọdún, àti pé ìrísí rẹ̀ jọ ti irú ènìyàn tó ti wà tipẹ́tipẹ́ ṣáájú ìgbà náà. Bàbá kò dúró gbọ́ èyí. Ìròyìn kíkún lórí iṣẹ́ náà gan-an, 1984 ló tó jáde, ní gbogbo ọdún tó wà láàárín sì ni Bàbá ń bi mí pé ṣé wọ́n ti kọ ọ́ tán. Asẹ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ariwo egungun sọ. Ó sọ fún mi pé gbogbo wọn dákẹ́, pé ẹnì kan nínú àwọn ará Ìsàrun dọ̀bálẹ̀.

Irinṣẹ́ kan wà tí n kò rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́: ọbẹ ọparun. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ń gé e. Á yan ọparun tó ti gbó lórí ìdúró, á là á, á fi í sórí ajà lókè ààrò títí eèéfín á fi mú un le. Lẹ́yìn náà ni yóò fi àfọ́kù ìgò ha ẹnu rẹ̀ títí yóò fi mú. Irin a máa dá ọgbẹ́ sára egungun tó ti rọ̀. Ọparun kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mẹ́ta ló ní: èyí tó fẹ̀ wà fún apáàdì, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ wà fún eyín àti ìka, ẹ̀kẹta tẹ̀ kọ̀rọ̀dọ̀, abẹ́ agbárí ni tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n. Mo rántí ọ̀gá kan tó kàwé gan-an, tó mú èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ láti fi gé gbòǹgbò. Bàbá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ó nù ún, ó fi í sápò, ó sì lọ jókòó sábẹ́ igi. Iṣẹ́ dúró. Ibẹ̀ ló jókòó sí títí ọ̀gá náà fi wá bẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí Bàbá kú, mo wà lẹ́nu iṣẹ́ níbi tó jìnnà. Kí n tó dé, àwọn ọmọ rẹ̀ ti kó ẹní rẹ̀, agbọ̀n rẹ̀ àti àwọn igi wẹ́wẹ́ tó wà nínú àpò rẹ̀, wọ́n ti dáná sun wọ́n. N kò bá wọn jà. Ta ni yóò sọ fún ọmọ àgbẹ̀ pé pẹlẹbẹ ọparun mẹ́ta lè jẹ́ ogún? Mo ti gé tèmi lẹ́yìn ìgbà náà, wọ́n ṣe é lò, ṣùgbọ́n wọn kò rí bíi tirẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ló kọjá lẹ́yìn iṣẹ́ Ìhò Eléérú. Lọ́dún 1971, Ekpo Eyo ti wa Igbó Lájà ní Ọ̀wọ̀, àwọn ère amọ̀ tó jáde níbẹ̀ sì gbé orúkọ Ọ̀wọ̀ kárí ayé. Ìpínlẹ̀ Oǹdó dá dúró ní 1976, Àkúrẹ́ di olú ìlú. Òfin 77 ti ọdún 1979 gbé àjọ tuntun kalẹ̀ fún ilé ọnà àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Náírà já wálẹ̀. Èkìtì yà lọ ní 1996. Ní gbogbo àkókò yẹn, kòtò tí a ń gbẹ́ ń dín kù, ìpàdé ń pọ̀ sí i, katakata tó ń la títì sì ń hú apáàdì dànù ní Àkúrẹ́ láìsí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ wò ó.

Síbẹ̀, kì í ṣe katakata ló dùn mí jù. Ohun tó dùn mí jù ni ọjọ́ tí wọ́n pín iṣẹ́ wa sí méjì, ti ẹni tó ń kọ̀wé àti ti ẹni tó ń ru ẹrù. Nígbà ayé Bàbá, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, gbogbo wa la máa ń jókòó sétí kòtò, ọ̀mọ̀wé àti lébìrà, tí a ó máa jiyàn lórí ohun tí a rí lójúmọ́ ọjọ́ náà. Bàbá á ní, "Rárá o, kòtò èkúté lèyí, kì í ṣe ojú òpó ilé," wọn á sì pa á rẹ́ nínú ìwé. Nígbà tó yá, ní ibi iṣẹ́ kan tí mo wà, àṣẹ jáde pé ìwé àkọsílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sí lọ́wọ́ ẹni tí kò bá ní dìgírì. Kí lébìrà gbé páànù sílẹ̀ kó máa lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n tún fi ń lọ kó ènìyàn ní oríta láràárọ̀. Ẹni tó wa ìpele kejì lónìí kọ́ ni yóò wa ìkẹta lọ́la. Ta ni yóò wá rántí pé àwọ̀ ilẹ̀ yí ní igun yẹn? Nínú àwọn ìwé tí wọ́n kọ jáde lórí kòtò tí èmi àti Bàbá jọ wà, "àwọn lébìrà" ni wọ́n kọ. Ibẹ̀ ni orúkọ wa parí sí.

Mo fẹ́ dé orí ọ̀rọ̀ etí òkun wàyí. Ọmọ Òde Oǹdó ni mí, àdúgbò Yaba ni ilé wa. Ẹja gbígbẹ ni ìyá mi ń tà, Ìgbókọ̀dá ló ti ń rà á, nítorí náà n kò dàgbà pẹ̀lú èrò pé ìlú parí síbi tí omi ti bẹ̀rẹ̀. Lójú àwọn òbí wa ọ̀nà kan náà ni, láti Èkó gba orí ọ̀sà wá sí Àtìjẹ̀rẹ̀ àti Ayésàn, kí a tó gòkè wá sí Oǹdó, kí a tó kọjá sí Ifẹ̀ àti òkè lọ́hùn-ún. Lọ́dún 1872 tí ìjọba Èkó, lábẹ́ Glover, rán Goldsworthy wá láti bá àwọn ará Oǹdó tó ti túká parí aáwọ̀ kí wọ́n lè padà sí ìlú, ọ̀nà yìí ni wọ́n ń wá. Òun náà ni ìbọn gbà dé ọwọ́ Èkìtìparapọ̀ nígbà ogun Kírìjì. Lọ́dún 1885, ilé iṣẹ́ Gaiser ti ilẹ̀ Jámánì bá Amapetu ti Máhìn ṣàdéhùn lórí etíkun rẹ̀. Ọdún náà kò tíì parí tí etíkun náà fi bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ wo ìtàn tó wà létí omi yẹn, láti Ugbò dé Máhìn: èbúté, ọjà, ojúbọ, itẹ́ òkú. Ikọ̀ tí èmi bá ṣiṣẹ́ kò gbẹ́ kòtò kan ṣoṣo níbẹ̀.

Ẹ má rò pé n kò sọ̀rọ̀. Mo kọ lẹ́tà. Mo sọ ọ́ nípàdé. Èsì tí mo ń gbà ni pé kò sí òkúta níbẹ̀, ẹrẹ̀ lásán ni, kò sí ohun tí yóò kù. Ọ̀rọ̀ ẹni tí kò mọ ẹrẹ̀ nìyẹn. Lọ́dún 1987, darandaran kan tó ń gbẹ́ kànga ní Dufuna, ní ìpínlẹ̀ tí a ń pè ní Yòbè lónìí, kan ọkọ̀ ojú omi onígi kan tó ti lò tó 8,000 ọdún nínú ilẹ̀. Ẹrẹ̀ ló tọ́jú rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébísí Sówùnmí ti Ìbàdàn fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣàyẹ̀wò lẹ́búlẹ́bú òdòdó tó wà nínú irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀, títí kan ti agbègbè Àgbádárìgì, ó sì ń tinú rẹ̀ mọ irú igbó tó wà létí òkun wa ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Bí lẹ́búlẹ́bú òdòdó bá lè wà níbẹ̀, òpó ilé kò ní sọnù.

Àwọn kan tí a jọ ṣiṣẹ́ ń sọ báyìí pé bó bá dùn mí tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí n kò fi dá lọ. Wọ́n ní ẹ̀rù omi ló ń bà mí. Ẹni tó bá ti ki ṣọ́bìrì bọ ilẹ̀ Ìlàjẹ rí kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Kòtò kò tíì dé orúnkún tí omi á ti kún un. Ó ń fẹ́ ẹ̀rọ ìfami, pákó àti ọkọ̀, ó sì ń fẹ́ ibi tí a ó ti rẹ igi sínú omi, nítorí pé igi tó ti pẹ́ nínú ẹrẹ̀ á fọ́ wẹ́wẹ́ bí oòrùn bá pa á. Ẹni tó wà á láìní nǹkan wọ̀nyí ti bà á jẹ́ ni. N kò lọ nítorí pé mo mọ iṣẹ́ mi.

Mo wá sọ ti Dunwich fún ọmọ náà. Ní ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wà, ó sì ti jẹ́ èbúté pàtàkì nígbà kan. Ìjì ọdún 1286 gbé apá kan rẹ̀ lọ, ti 1328 tún dí ẹnu èbúté náà pa, òkun kò sì dẹ́kun láti ọjọ́ náà. Láàárín 1904 sí 1919 ni ṣọ́ọ̀ṣì tó kù létí bèbè já sínú omi díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìlú náà kò sọnù. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Ralph Agas ti ya àwòrán rẹ̀ ní 1587, ọdún 2008 sì ni David Sear àti àwọn ènìyàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ tó ń fi ohùn wá nǹkan lábẹ́ omi wá ahoro àwọn ṣọ́ọ̀ṣì náà, wọ́n sì ń fi ohun tí wọ́n rí wé àwòrán ti Agas.

Òkúta ni wọ́n fi kọ́ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Dunwich. Igi ni Ayétòrò, lórí òpó tí wọ́n rì mọ́ ẹrẹ̀. Lọ́dún 1947 ni àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì tẹ̀ ẹ́ dó. Ohun gbogbo jẹ́ ti gbogbo wọn, wọ́n kan ọkọ̀, wọ́n hun aṣọ, wọ́n tan iná mànàmáná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá kò tíì ní in. Ìlú tí àwọn tó rí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ṣì wà láàyè ni òkun ń jẹ yìí. Ohun tí mo sọ fún ọmọbìnrin yẹn ni pé kó má dúró de ẹni tí yóò wá wa tiwọn. Kó lọ bá àwọn àgbà báyìí, kó ya ìlú náà sórí ìwé láti ẹnu wọn: ibi tí ilé ìkanọkọ̀ wà, ibi tí ọ̀nà pákó ti yà, ilé ta ló kángun sí ilé ta, níbo ni wọ́n sin òkú sí. Kó wọn jíjìnnà wọn láti ibi ohun kan tó ṣì dúró. Lẹ́yìn náà, kó lọ nígbà tí omi bá fà sẹ́yìn, kó ka òpó tó yọrí, kó kọ ọjọ́ sí i. Ẹ̀rọ lè dé lọ́jọ́ iwájú. Bí kò bá bá àwòrán kankan, kí ni yóò fi mọ ilé ta ló rí?

Ó béèrè bóyá mo ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, n kò sì lè purọ́ fún un. Ìwé Bàbá wà lọ́dọ̀ mi. Lẹ́yìn tó di àgbàlagbà ló lọ kọ́ ìwé kíkà nílé ẹ̀kọ́ alẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tirẹ̀ pamọ́, ní èdè Yorùbá, gbogbo kòtò tí a wà, jíjìn rẹ̀, àwọ̀ ilẹ̀ rẹ̀, níwọ̀n ẹsẹ̀ àti ìka ọwọ́. Ibi iṣẹ́ kan ti bi mí léèrè rẹ̀ títí, n kò fún wọn. Wọ́n ń pè mí ní ahun, wọ́n ní mo fi ohun ìjọba pamọ́. Ohun ìjọba ha ni? Owó Bàbá ló fi ra ìwé náà, alẹ́ rẹ̀ ló fi kọ ọ́, nígbà tí wọ́n ní kó gbé páànù sílẹ̀ kó máa lọ. Mo ti rí bí òjò ṣe ń jò sórí àpótí níbi tí wọ́n ń kó nǹkan pamọ́ sí. Mo ti rí apáàdì tí àmì rẹ̀ ti já, tí ẹnikẹ́ni kò mọ kòtò tó ti wá mọ́. Bí mo bá gbé ìwé yẹn fún wọn nígbà náà, ibẹ̀ ni ì bá jẹrà sí.

Mo jẹ́ kí ọmọ náà fi ọwọ́ da ojú ewé mélòó kan kọ, kó lè mọ bí a ṣe ń kọ ìpele sílẹ̀. Ẹ̀dà kò sí fún ẹlòmíràn. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kó jáde, kó tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà, ní Yorùbá tí wọ́n fi kọ ọ́, kó sì kọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́ gàdàgbà sójú ewé kìíní. Nígbà náà ni èmi yóò tó sọ orúkọ náà.