Kí Ẹ Tó Kun Ilé Tí Ẹ Fẹ́ Tà, Ẹ Wo Ọ̀nà Omi

Bí ẹnìkan bá fẹ́ ta ilé láàrin wa, ọ̀dà ni ó máa ń kọ́kọ́ rà. Yóò kun iwájú ilé, yóò kun géètì, yóò po sìmẹ́ńtì ṣẹ̀rẹ̀ṣẹ̀rẹ̀ bo gbogbo ibi tí ó lanu nílẹ̀, ilé á sì máa dán. Èmi kò bá ọ̀dà jà o. Ṣùgbọ́n bí omi kò bá rí ọ̀nà jáde ní àgbàlá, ibẹ̀ ni ó yẹ kí owó kọ́kọ́ lọ. Ohun tí ojú wa rí nígbà tí a fẹ́ ta ilé bàbá wa ní Ìbàdàn ni mo fi ń sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìbàdàn mọ̀ pé ìlú olókè ni. Lẹ́yìn ìkún omi Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, èyí tí ó gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí àti dúkìá, bàbá wa búra pé òun kò ní kọ́lé sí àfonífojì láéláé. Ó gun ẹ̀gbẹ́ òkè lọ. Ọgbọ́n ni, nítorí nígbà tí omi tún ya ìlú ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, kò dé ọ̀dọ̀ wa rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gbé ẹ̀gbẹ́ òkè kò bọ́ lọ́wọ́ omi. Tirẹ̀ ń ti òkè wá bá a, ó sì tún ń já bọ́ láti orí páànù òrùlé ara rẹ̀.

Bàbá ti sùn nínú Olúwa tipẹ́. Màmá wa nìkan ni ó kù nínú ilé náà, orúnkún rẹ̀ méjèèjì sì ti jẹ tán, kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Àwa ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ohùn ṣọ̀kan pé kí a ta ilé, kí Màmá máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi.

Ibi tí a kò ti fi ohùn ṣọ̀kan ni ìgbà tí a ó tà á. Oṣù kìíní ọdún ni, ọyẹ́ mú gan-an. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ní kí a tètè tà á kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ò ri pé nínú ọyẹ́, kò sí ilé tí kò dára! Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹni tí ó bá rà á lóṣù kejì, òjò oṣù kẹfà yóò bá a níbẹ̀.” Wọ́n dá mi lóhùn pé, “Ṣé ẹni náà kò lójú ni? Orúnkún Màmá kò lè dúró de òjò, àbúrò mi.” N kò lè bínú sí wọn. Àwọn ni wọ́n ti ń dá owó oògùn Màmá san láti ọdún mélòó kan. A fà á títí, wọ́n wá fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Báyìí ni ìta ilé náà ṣe rí. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Tiwa ti kọjá ti aláǹgbá. Kọ̀ńkéré iwájú ilé ti sán káàkiri. Ọ̀ṣọ̀rọ̀ ti gbẹ́ kòtò sí ìdí ògiri. Gọ́tà ẹ̀gbẹ́ ilé ti kún fún yanrìn àti koríko, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ti fọ́, tó bẹ́ẹ̀ tí omi wa fi ń ya lu fẹ́ǹsì ìyá àgbà kan tí ilé rẹ̀ wà nísàlẹ̀ tiwa. Fẹ́ǹsì náà ti ń dẹ̀gbẹ́.

Bàbá bíríkìlà tí a pè kò fọwọ́ kan sìmẹ́ńtì lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Omi garawa mẹ́rin ni ó bèèrè. Ó dà á sí iwájú ilé, ó sì dúró ó ń wò ó. Dípò kí omi sá fún ilé, ìdí ògiri ni ó gbà lọ tààrà. Bàbá mú irin, ó ń fi gbá ilẹ̀ kiri. Níbi kan, ó ń dún kó, kó, kó. Nígbà tí ó dé ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó dún gbò, gbò. Ó ní omi ti wọ́ ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ lọ, kọ̀ńkéré náà kàn dá dúró lórí òfìfo ni. Ó fi hàn mí pé ibi tí ó sán tín-ín-rín bí irun kò fi bẹ́ẹ̀ léwu, ibi tí apá kan ti rì ju èkejì lọ ni kí a bẹ̀rù. Bí a bá fi sìmẹ́ńtì bo irú ibẹ̀ láìtún ọ̀nà omi ṣe, òjò ọdún kan péré ni yóò tún là á. Ó ní, “Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.”

Nítorí náà, gọ́tà ni a kọ́kọ́ ṣe. Mítà 22 ni gígùn rẹ̀. Rọ́bà gbọọrọ tí ènìyàn lè rí inú rẹ̀, tí wọ́n rọ omi sí, ni wọ́n fi wọn gíga àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí ó máa rẹlẹ̀ ní sẹ̀ńtímítà kan ní mítà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n darí rẹ̀ sí gọ́tà títì, kúrò lára fẹ́ǹsì ìyá àgbà. Ní ìparí rẹ̀, wọ́n gbẹ́ ihò kékeré kan tí ó ní ọmọrí, kí yanrìn lè máa rọ̀ sílẹ̀ síbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni a fọ́ kọ̀ńkéré tí abẹ́ rẹ̀ ṣófo. A kó ilẹ̀ pupa kún un, a gún un títí ó fi le. Páànù sìmẹ́ńtì kan, yanrìn méjì, òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́rin ni wọ́n ń pò. Ọmọṣẹ́ kan fẹ́ bu omi kún un kí ó lè rọrùn láti dà, Bàbá gba garawa lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí omi àpọ̀jù a máa sọ kọ̀ńkéré di aláìlágbára. Wọ́n pín in sí apá mẹ́rin, kí ó má baà sán bó ṣe wù ú, wọ́n sì jẹ́ kí ó dagun kúrò lára ògiri. Ọyẹ́ kì í jẹ́ kí kọ̀ńkéré mu omi tó, nítorí náà àpò tútù ni a fi bò ó fún ọjọ́ méje, tí à ń wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti lálẹ́. Èmi gan-an ni mo ń wọ́n ti ìrọ̀lẹ́. Màmá jókòó lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń sọ fún mi ibi tí n kò wọ́n dé!

Àpò sìmẹ́ńtì 28 ni ó lọ, ẹ̀gbọ́n mi kò sì yéé kà á létí mi. Owó kò ṣẹ́kù fún ọ̀dà, àfi ti géètì nìkan.

Ìparí oṣù kẹta ni òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀. Ọkùnrin kan tí ajẹ́ǹtì mú wá wà nínú ilé nígbà náà, òjò náà ká a mọ́ ọ̀dọ̀ wa. A jọ dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, à ń wo omi bí ó ti ń sáré kúrò lára ògiri bọ́ sínú gọ́tà. Ó bi mí pé kí ló dé tí kọ̀ńkéré iwájú fi jẹ́ tuntun, tí ògiri sì ti gbó. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ibi tí ó ṣófo tẹ́lẹ̀. Ó yọ díẹ̀ kúrò nínú iye tí ẹ̀gbọ́n mi pè, ṣùgbọ́n ó san án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, owó orúnkún Màmá sì pé. Lọ́jọ́ tí a fún un ní kọ́kọ́rọ́, mo ṣí ọmọrí ihò yanrìn náà hàn án, mo sì sọ fún un pé kí ó máa gbọ́n ọn ní oṣooṣù lásìkò òjò.