Kì Í Ṣe Gbogbo Inú Rírun Ni Ọ́sà

Umunya, lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ Enugu sí Onitsha. Ọmọ Yorùbá tó ti ń ṣòwò níbẹ̀ tipẹ́ ni Arálé. Àbúrò rẹ̀, Onírìnàjò, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Jámánì dé ni.

ARÁLÉ: Àbúrò, wọ́n ní o ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé kí wọ́n yé dá oògùn ọ́sà lò. Ọ́sà ò wá sí mọ́ ni? Òkúta inú òróòro tó o gbé dé yìí, àìsàn àwọn òyìnbó tó sanra ni wọ́n pè é fún wa.

ONÍRÌNÀJÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, ọ́sà wà. Àìwádìí ni mo ń bá wí. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe òróòro, àpò kékeré kan lábẹ́ rẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀ de oúnjẹ. Bí èèyàn bá jẹ nǹkan ọlọ́ràá, àpò náà á fún ara rẹ̀ kí òróòro lè ṣàn sínú ìfun. Bí òkúta inú rẹ̀ bá wá há sí ọrùn àpò, ìrora dé nìyẹn: lábẹ́ ìhà ọ̀tún tàbí láàárín òkè ikùn, tí á sì máa ta dé ẹ̀yìn àti èjìká ọ̀tún. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, òkúta lè yẹ̀, ara á rọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ti gbé oògùn ọ́sà mì kó tó yẹ̀ á ní oògùn ló ṣiṣẹ́. Ẹni tó mu àgbo á ní àgbo ni. Ìrora tó ń lọ fúnra rẹ̀ kò lè jẹ́rìí fún oògùn kankan.

ARÁLÉ: O ò tíì dáhùn ti òyìnbó.

ONÍRÌNÀJÒ: Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Òkúta tó wọ́pọ̀ ní Yúróòpù, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ló dì í. Ó ń yọ obìnrin lẹ́nu ju ọkùnrin lọ, oyún àti sísanra sì ń dá kún un. Ṣùgbọ́n òkúta mìíràn wà tó jẹ́ tiwa gan-an. Nǹkan bí 120 ọjọ́ ni sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ń lò lára kó tó fọ́. Ti ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde kì í sábà ju 10 sí 20 ọjọ́ lọ. Bó ṣe ń fọ́ ni àwọ̀ inú rẹ̀ ń rọ́ wọnú òróòro, tí á dì di òkúta dúdú, kódà lára ọmọdé. Nàìjíríà sì wà lára ilẹ̀ tí fòníkú-fọ̀ladìde pọ̀ sí jù lágbàáyé. Ọmọ SS, ìyẹn ọmọ tó ní àìsàn náà, á ké inú rírun, ilé á ní kíráísìsì ti dé, kò sẹ́ni tí á ronú kan òróòro.

ARÁLÉ: Ó dáa. Àwọn kan ń mu òróró ólífì pẹ̀lú omi ọsàn wẹ́wẹ́ lálẹ́, wọ́n sì ń yàgbẹ́ òkúta láàárọ̀. Ojú ara wọn ni wọ́n fi rí i.

ONÍRÌNÀJÒ: Wọ́n rí nǹkan lóòótọ́. Lọ́dún 2005, àwọn oníṣègùn láti New Zealand kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Lancet pé wọ́n yẹ irú “òkúta” aláwọ̀ ewé bẹ́ẹ̀ wò. Wọn ò bá kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù níbẹ̀, wọn ò bá àwọ̀ òróòro. Nígbà tí wọ́n mú un gbóná díẹ̀, ó yọ́ di òróró. Òróró tí aláìsàn mu náà ló di ọṣẹ nínú ìfun tó sì jáde. Òkúta gidi jókòó síbi tó wà. Ọ̀rá púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sì lè mú àpò fún ara rẹ̀, kó ti òkúta lọ há.

ARÁLÉ: Báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ nígbà náà? Owó síkáànù tí wọ́n fi ń wo inú ńkọ́?

ONÍRÌNÀJÒ: Ẹ ka owó oògùn ọ́sà ọdún dé ọdún mọ́ ọn ná. Síkáànù kì í dunni. Òkúta á hàn funfun lójú ẹ̀rọ, òjìji dúdú á wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí aláìsàn bá yíra, òkúta á yí. Síbẹ̀, òkúta tó hàn lè má jẹ̀bi ìrora náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbé tiwọn kiri tí kò dà wọ́n láàmú láéláé, irú wọn kò sì nílò iṣẹ́ abẹ.

ARÁLÉ: Ẹni tó ń dà láàmú ńkọ́? Wọ́n á gé ohun tí Ọlọ́run dá sí i lára sọnù?

ONÍRÌNÀJÒ: Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe òróòro, kì í ṣe àpò. Bí àpò kò bá sí mọ́, òróòro á máa kán sínú ìfun tààrà. Oníṣẹ́ abẹ Carl Langenbuch ló kọ́kọ́ yọ àpò náà ní Berlin lọ́dún 1882. Erich Mühe fi ihò kékeré yọ ọ́ ní Böblingen lọ́dún 1985. Ohun tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni kí àpò náà wú. Ìrora kò ní lọ mọ́, ibà á dé; bí dókítà bá tẹ abẹ́ ìhà ọ̀tún tó ní kí aláìsàn mí sínú, èémí á dá dúró lójijì. Bó bá tún di pọ́njú-pọ́ntọ̀, kí wọ́n má dúró dìgbà tílẹ̀ bá mọ́, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá; ti Yunifásítì Nnamdi Azikiwe wà ní Nnewi.

ARÁLÉ: Kéèyàn jẹun kó tó lọ ṣe síkáànù náà?

ONÍRÌNÀJÒ: Rárá o. Kí ó tó wákàtí 6 tí ẹ ti jẹun. Bí ẹ bá jẹun lọ, àpò á ti fún ara rẹ̀ pọ̀, òkúta ò ní hàn dáadáa.

ARÁLÉ: Àwọn onísíkáànù á ṣí láàárọ̀ Sátidé?