Praat Tí Mo Yọ Kúrò

Ní ọdún kẹta mi, èmi ni wọ́n ní kí n yan àwọn package tí a máa kó sórí kọ̀ǹpútà láàbù wa. Debian ni gbogbo wọn ń lò, íntánẹ́ẹ̀tì kò sì sí níbẹ̀. Hard disk kékeré kan ni a fi ń gbé nǹkan wọlé. Mo bá lọ wo popcon.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: bí ẹ bá ń fi Debian sórí ẹ̀rọ, yóò bi yín bóyá kó máa ka ohun tí ẹ ń lò. Bí ẹ bá gbà, yóò máa fi orúkọ àwọn package orí ẹ̀rọ yín ránṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láìdárúkọ yín. Ó tún ń wo ìgbà tí a ṣí fáìlì wọn kẹ́yìn. Èyí tí a lò láàárín oṣù kan ló ń kà sí "vote", èyí tí a ti pa tì ló ń pè ní "old". Irú iye yìí ni àwọn Debian fi ń mọ package tó yẹ kó wọ CD àkọ́kọ́. Ọgbọ́n gidi ni.

Mo tò wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo fa ìlà, mo gé ìyókù dànù. Orí mi wú.

Kò pẹ́ tí ọ̀rẹ́ mi kan láti Ẹ̀ka Ìmọ̀ Ẹ̀dá-Èdè fi gbé ohùn àwọn àgbà tó gbà sílẹ̀ wá sí láàbù. Praat ló fẹ́ lò, èyí tí Paul Boersma àti David Weenink ṣe ní Amsterdam. Bí ẹnìkan bá pe ọkọ́, tó tún pe ọkọ̀, Praat ni yóò ya bí ohùn náà ṣe gòkè tàbí tó rẹlẹ̀ sójú kọ̀ǹpútà. Kò bá a níbẹ̀.

"Ta ló yọ ọ́?"

Èmi ni. Ó sì ku ọjọ́ mẹ́rin péré kó fi orí kẹta iṣẹ́ rẹ̀ han alábòójútó rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo tó bi ara mi pé ta ló ka iye tí mo gbẹ́kẹ̀ lé. Kọ̀ǹpútà láàbù wa kò ránṣẹ́ sí Debian rí. Èmi alára, "rárá" ni mo tẹ̀ lórí laptop mi, nítorí dátà. A jẹ́ pé iye tí a kò sí nínú rẹ̀ ni mo fi gé tiwa. Dpkg wà lókè lọ́hùn-ún nítorí Debian kò lè rìn láìsí i, kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni yàn án. Ẹni tó sì ń lo Praat nígbà iṣẹ́ àṣekágbá nìkan, "old" ni yóò jẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù.

(Ti AUR àwọn Arch tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ní àkáǹtì ló ń dìbò, agbára ìbò kọ̀ọ̀kan nínú ìṣirò òkìkí sì ń fi ìdá 2 nínú 100 dín lójoojúmọ́. Kó tó pé ọjọ́ 35, ó ti di ìdajì.)

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo fi dátà ara mi wa Praat àti àwọn package tó gbára lé, mo sì fi flash gbé wọn wá láàárọ̀. Ó gbà á, kò dúpẹ́, mi ò sì bínú. Mo ti gba popcon láyè lórí laptop mi báyìí. Ìwé kan tún wà lẹ́nu ọ̀nà láàbù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ohun tí ẹ ń lò síbẹ̀, ìbáà ṣe ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún.