Ọ̀RỌ̀ MẸ́RIN PÉRÉ NÍ MEMPHIS

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀, á di odidi. Ìlú Memphis ní Amẹ́ríkà ni òwe yìí ti yé mi dáadáa.

Ṣọ́ọ̀ṣì kan wà níbẹ̀, Clayborn Temple, tí iná jó bàjẹ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Ní gbàgede ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 2018, àwọn lẹ́tà kan dúró gbọin, wọ́n ga ju èèyàn lọ: I AM A MAN. Ìyẹn ni pé, géńdé ọkùnrin ni mí. Ó parí!

Kí ló fà á? Ní ọjọ́ kìíní, oṣù kejì, ọdún 1968, òjò ń rọ̀. Kólẹ̀kólẹ̀ méjì, Echol Cole àti Robert Walker, sá sẹ́yìn ọkọ̀ ìdọ̀tí wọn. Àfi gbìì! Ẹ̀rọ tó ń fún ìdọ̀tí pọ̀ ṣàdédé ṣiṣẹ́, ó sì pa wọ́n. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí òṣìṣẹ́ bí 1,300, aláwọ̀ dúdú, fi daṣẹ́ sílẹ̀.

Owó iṣẹ́ kò tó jẹun, àbùkù tún wà níbẹ̀. Bàbá ọlọ́mọ tó ti hewú, òyìnbó kékeré á máa pè é ní "boy". Ẹ rò ó wò, kí ọmọ àná máa pe bàbá yín ní ọmọdé níṣojú yín!

Èsì tí wọ́n fọ̀ rèé. Wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ mẹ́rin sára páálí, wọ́n fa ìlà sábẹ́ AM, wọ́n gbé e káyà. Sójà na ìbọn tó ní ọ̀bẹ lẹ́nu, wọ́n gba iwájú wọn kọjá. Martin Luther King tó wá ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n yìnbọn pa á níbẹ̀ ní ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹrin. Lọ́jọ́ kẹrìndínlógún oṣù náà, ìjọba ìlú gba ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn, ó sì fowó kún owó wọn.

Ní 1988, ayàwòrán Glenn Ligon kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí sára aṣọ, ọ̀dà dúdú lórí funfun. Ó wà ní Washington báyìí, ní ilé àwòrán ìjọba. Ẹ lè ní, àwòrán wo ni kò ní ojú, tí kò ní imú? Ẹ kà á sókè ná. Ẹni tó bá kà á, òun gan-an ni àwòrán náà.

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Bí wọ́n bá fún ẹ̀yin náà ní páálí kan, kí lẹ ó kọ? Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré o. Ẹ fi ránṣẹ́ sí wa.